Kí Linux Tuntun Tó Jáde: Ta Ló Ń Dán An Wò, Orí Ẹ̀rọ Ta Sì Ni?



Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2024, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó fi San Francisco ṣe ibùgbé ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Andres Freund ni orúkọ rẹ̀, Microsoft ló gbà á síṣẹ́, PostgreSQL ló sì ń ṣe, ìyẹn ètò tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń to àkọsílẹ̀ wọn jọ sínú kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ mọ bí ètò náà ṣe ń yá sí lórí Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, ó sì ń lo ẹ̀dà tí wọn kò tíì parí, èyí tí wọ́n ń pè ní sid. Níbi tó ti ń ṣe é, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan. SSH ni àwọn onímọ̀ fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè. Wíwọlé tí kì í ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ tẹ́lẹ̀ ti wá di ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Gbogbo ìyàtọ̀ náà kò ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ẹlòmíràn ì bá ní ẹ̀rọ ló rẹ̀, ì bá sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Freund kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó tọpa ìfalẹ̀ yẹn títí ó fi dé inú xz, ètò kékeré kan tó máa ń fún fáìlì pọ̀ kó má baà gba àyè, ibẹ̀ ló sì ti bá ọ̀nà ẹ̀bùrú kan pàdé. Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi ohun tó ju ọdún méjì lọ ṣe ọmọlúàbí. Ó ń bá ẹni tó ń tọ́jú xz ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣe àtúnṣe níhìn-ín, ó ń ràn án lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, títí wọ́n fi fọkàn tán an. Lẹ́yìn náà ló wá rọ oró sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Bí aṣírí kò bá tú, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ì bá máa wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ káàkiri àgbáyé, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Freund kéde ohun tó rí. Nígbà tí wọ́n fi ewu náà sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n irú rẹ̀, 10 nínú 10 ló gbà.

Ibi tí wọ́n ti ká oró yìí mọ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Kò tíì dé inú àwọn ẹ̀dà tí ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìwòsàn ń lò. Inú ẹ̀dà ìdánwò ló ṣì wà: Debian tí ń bọ̀, Fedora 40 tí wọn kò tíì gbé jáde tán, àti àwọn ẹ̀yà tó máa ń kó nǹkan tuntun wọlé lójoojúmọ́. Ó ti dé ìloro Ubuntu 24.04 náà. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ni ẹ̀dà ìdánwò Ubuntu ọ̀hún ìbá jáde, ṣùgbọ́n Canonical tó ń ṣe é ní àwọn kò lè fi ẹnu lásán sọ pé ilé ti mọ́. Gbogbo ètò tí wọ́n ti pèsè láti ìparí oṣù Kejì ni wọ́n dànù, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ pèsè lórí ẹ̀rọ mìíràn tí oró náà kò kàn. Ọjọ́ 11 ni ẹ̀dà ìdánwò wá jáde. Síbẹ̀, ẹ̀dà gidi kò yẹ ọjọ́ tí wọ́n dá: ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí.

Kí wá ni ẹ̀dà ìdánwò, tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní bẹ́tà? Ẹ̀dà tí ohun gbogbo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nínú rẹ̀ ni, àmọ́ tí àwọn tó ṣe é kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí. Bí télọ̀ ṣe máa ń pe oníbàárà pé kó wá wọ agbádá wò kí òun tó ká etí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe aráyé wá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé télọ̀ mọ ẹni tó rán aṣọ fún. Ẹni tó ń ṣe Linux kò mọ ẹni tí yóò lò ó, kò sì mọ irú ẹ̀rọ tí onítọ̀hún ní.

Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991. Kernel ló kọ, ìyẹn apá tó ń bá irin inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ló ń mú kernel yẹn, tí wọ́n ń to ìyókù mọ́ ọn títí yóò fi di ohun tí èèyàn lè fi sórí láptọ́ọ̀pù. Debian ti wà láti 1993, Fedora láti 2003, Ubuntu tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ sì kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2004. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Fún ọdún bíi mélòó kan, títí di 2011, Ubuntu a máa fi àwo CD ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ sí ẹni tó bá béèrè, ibi yòówù kó wà láyé.

Ọwọ́ tí kálukú fi mú ìdánwò yàtọ̀ síra. Ubuntu fẹ́ràn kàlẹ́ńdà: oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá ni, ẹ̀dà ìdánwò á sì ṣáájú pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọdún àti oṣù tí ẹ̀dà kan bá jáde náà ni nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tó yẹ kó jẹ́ 6.04 lọ́dún 2006 di 6.06 nítorí wọ́n ní kò tíì dán tó bí àwọn ṣe fẹ́. Fedora máa ń ṣe ìpàdé kan níbi tí wọ́n ti ń dìbò ó-yá tàbí kò-tíì-yá. Bí àléébù ńlá kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù lórí àkọsílẹ̀ wọn, kò ní jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Fedora 18 tó yẹ kó jáde ní oṣù Kọkànlá 2012 kò dé títí di ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 2013, nítorí pé wọ́n tún ètò tó ń fi Fedora sórí ẹ̀rọ kọ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì fún wọn ní wàhálà. Debian ní tirẹ̀ kì í dá ọjọ́ láti òkèèrè. Ó di ìgbà tó bá gún.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ni. Ìdánwò lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, àwọn tó ń dán Ubuntu 8.10 àti openSUSE 11.1 (ẹ̀yà Linux mìíràn) wò bẹ̀rẹ̀ sí í ké gbàjarè pé káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Intel tó wà nínú ẹ̀rọ àwọn ti kú. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ségesège o. Bí wọ́n pa ẹ̀rọ tí wọ́n tún un tàn, òkú ni. Bí wọ́n yọ Linux kúrò tí wọ́n dá Windows padà, òkú náà ni. Nǹkan kan ti ba àkọsílẹ̀ inú káàdì yẹn jẹ́, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sí, káàdì tí kò sì mọ ìlànà iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ojú gbogbo ayé lọ sára e1000e, ètò tó ń darí irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ubuntu yára dá a dúró nínú ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀, Intel náà sì fi ìdènà sí i kí nǹkan kan má lè kọ nǹkan sínú káàdì mọ́. Àfi bí wọ́n ṣe wádìí ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò, tí wọ́n rí i pé e1000e kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ftrace ni ọ̀daràn, irinṣẹ́ tuntun kan nínú kernel 2.6.27 tí wọ́n fi ń ṣọ́ bí kernel fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ftrace máa ń sàmì sí àwọn ojú ibì kan nínú iyè ẹ̀rọ, á sì padà wá kọ nǹkan síbẹ̀ tó bá yá. Nígbà mìíràn, kó tó padà, ẹ̀rọ á ti gba ibẹ̀, á ti fi ṣe ọ̀nà tó wọ inú káàdì Intel. Ftrace kò mọ̀ pé onílé ti yí padà. Orí káàdì ló ń kọ̀wé sí.

Kernel 2.6.27 jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, 2.6.27.1 ti tẹ̀lé e, wọ́n sì ti ti apá tó ń ṣe ibi yẹn pa. Nígbà tí Ubuntu 8.10 dé ọwọ́ aráàlú ní ọjọ́ 30 oṣù yẹn, káàdì ẹnikẹ́ni kò kú mọ́. Ìwọ̀nba èèyàn tí ẹ̀rọ wọn bà jẹ́ ni kò jẹ́ kí ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún bà jẹ́, a kò sì mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ọdún 2017 ni òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ubuntu 17.10 jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá, ó ti la ìdánwò kọjá, inú kálukú ń dùn. Ká tó dé Kérésìmesì, àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù Lenovo, Yoga àti IdeaPad pàápàá, pẹ̀lú àwọn kan tó ń lo Acer àti Toshiba, rí i pé BIOS ẹ̀rọ wọn, ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, kò gba àṣẹ mọ́. Ohun tí wọ́n bá yí padà níbẹ̀, á tún padà sí bó ṣe wà. Ní ti àwọn mìíràn, ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n tan òun láti orí fláàṣì mọ́, bẹ́ẹ̀ fláàṣì ni wọn ìbá fi tún un ṣe. Ètò kan nínú kernel, intel-spi, tó ń fọwọ́ kan ibi tí BIOS ń gbé, ló fà á. Ubuntu yọ ẹ̀dà náà kúrò níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbà á, wọ́n tún kernel ṣe, ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2018 ni 17.10.1 tó jáde dípò rẹ̀.

Báwo ni ìdánwò ṣe fo èyí dá? Àìsàn yẹn kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan, ó di ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá wọ BIOS. Ẹni tí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ kò sì sí lára àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lè dán Ubuntu wò fún ọdún gbáko kó má rí nǹkan kan. Ìyẹn ló mú kí iye àwọn tó ń ṣe ìdánwò má fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì tó bí oríṣiríṣi ẹ̀rọ wọn àti oríṣiríṣi iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe. Freund kò wá ọ̀daràn kan lọ. Iṣẹ́ tó yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn ló gbé e dé ibi tí ẹlòmíràn kò dé.

Àléébù tó ń yọ́ kọjá ìdánwò ṣì wà. Ní oṣù Kẹwàá 2025, Ubuntu 25.10 jáde pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n tún kọ ní èdè Rust dípò àwọn ti àtijọ́. Ọ̀kan nínú wọn, date, ló máa ń sọ ọjọ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀dà gidi ti wà níta ló hàn pé bí wọ́n bá bi date tuntun léèrè ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì kan kẹ́yìn, ọjọ́ tòní ló máa ń dáhùn. Ètò tó ń wá àtúnṣe fúnra rẹ̀ sì gbára lé ìdáhùn yẹn. Àwọn ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọn kò wá àtúnṣe kankan mọ́, ẹni tó ni wọ́n kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílé. Lọ́jà Computer Village ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò ń rà jẹ́ tòkunbọ̀. Ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú òyìnbó ti lò fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó kó o wọ ọkọ̀ ojú omi ni. Bátìrì rẹ̀ ti ń lọ, wọ́n ti lè pààrọ̀ dísìkì inú rẹ̀, iyè rẹ̀ lè má ju 4GB lọ. Ẹni tó ń ṣe Linux ní Helsinki tàbí Lọ́ńdọ́nù lè ti kó irú rẹ̀ dànù tipẹ́, kó máa fi tuntun ṣe ìdánwò. Iná wa náà ní ìwà tirẹ̀. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí fáìlì bí iná bá lọ ní àárín ìgbà tí ẹ̀rọ ń gba àtúnṣe wọlé, tí bátìrì kò sì lè gbé e? Ìlú tí iná kì í lọ kì í sábà ronú kan irú ìbéèrè yẹn.

Ìkọ̀wé Yorùbá tún wà níbẹ̀. Linux ní ìtò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, abẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n tò ó sí pẹ̀lú ti Haúsá àti Ígbò. Ta ló ń wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀dà tuntun bá ń bọ̀? Lẹ́tà ẹ tó ní àmì sábẹ́ àti àmì ohùn òkè lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ìlànà Unicode tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ̀rọ lè gbà tọ́jú rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì rí bákan náà lójú. Èèyàn lè fi orúkọ tó ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pe fáìlì, kó wá a lọ́la, kí ẹ̀rọ ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn, àmì ohùn á já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, bí wọ́n bá ní kó to orúkọ ní A, B, D, á da gb pọ̀ mọ́ g, á ju ṣ síbi tí kò yẹ. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó mọ kóòdù bí ẹni mowó kò lè rí èyí, nítorí kò mọ bó ṣe yẹ kó rí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò kò le. Ohun tó wọ́n jù níbẹ̀ ni dátà: fáìlì Ubuntu 24.04 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6GB. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ìdánwò láti ọjọ́ dé ọjọ́ lè lo zsync, tó máa ń gba kìkì ibi tó yí padà, kì í gba odindi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí fáìlì bá ti wọlé, kí èèyàn kọ́kọ́ fi SHA256, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n kọ fún fáìlì náà, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì tó já lójú ọ̀nà ti sọ ọ̀pọ̀ fáìlì di aláàbọ̀ ara. Lẹ́yìn náà, kó kọ ọ́ sórí fláàṣì, kó tan ẹ̀rọ láti orí rẹ̀. Linux á gbéra láìfọwọ́ kan ohun tó wà lórí dísìkì.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ṣé Wi-Fi rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì? Ṣé ohùn ń jáde, kámẹ́rà ń ríran? Bí wọ́n bá dé ìdérí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n sì ṣí i padà lẹ́yìn wákàtí kan, ṣé ó jí? Bí wọ́n bá so ó mọ́ fóònù kó fi ibẹ̀ gba íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Àwọn ohun kéékèèké yìí ló máa ń bà jẹ́ jù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀dà ìdánwò sórí ẹ̀rọ tó fi ń jẹun o. Àwọn tó ń ṣe é gan-an ń kìlọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kejì lè lo VirtualBox, ètò tó ń ṣe ẹ̀rọ àfarawé sínú ẹ̀rọ gidi, àmọ́ VirtualBox kò ní Wi-Fi tirẹ̀ tí yóò dán wò, kò sì ní ìdérí tí wọn yóò dé.

Ìròyìn tí èèyàn bá kọ ló sọ ọ́ di ìdánwò gidi. “Kò ṣiṣẹ́” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe fáìlì tó lò, ohun tó tẹ̀, ohun tó retí, ohun tó rí: ìyẹn ni wọ́n ń fẹ́. Lórí Ubuntu, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ ubuntu-bug tó máa kó àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ jọ fúnra rẹ̀, á sì gbé oníròyìn lọ sí Launchpad, ibi tí Ubuntu ń kó ìròyìn àléébù jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Debian ní reportbug, Fedora sì ní Bugzilla. Ó dára kí èèyàn kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹlòmíràn ti kọ irú rẹ̀. Bó bá ti wà lórí Launchpad, kó tẹ bọ́tìnnì tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan òun, nítorí wọ́n ń ka iye àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Mark Shuttleworth fúnra rẹ̀ ló kọ ìròyìn kìíní sórí Launchpad fún Ubuntu ní oṣù Kẹjọ 2004. Ó ní àléébù ibẹ̀ ni pé Microsoft ló gba ọ̀pọ̀ jù nínú ọjà, oṣù Karùn-ún 2013 ló sì tó kéde pé ó ti parí. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ìròyìn tiwa kò ní láti ga tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́ wa, ẹ̀yin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ̀yin tó ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ń gba eruku lórí àpótí: ẹ̀dà ìdánwò Ubuntu máa ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ti Fedora náà bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ọ̀kan, ẹ tan án lórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ yẹn, ẹ yan kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ kọ orúkọ yín pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Bí nǹkan kan kò bá gún, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ fi mọ́ ìròyìn yín. Ọ̀fẹ́ ni àkáǹtì Launchpad àti ti Fedora.